Iṣẹ́ Ni Kí Ó Yan Ẹ̀rọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tuntun fún Quilt

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìyá, àwọn bàbá àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ aṣọ rírán wa ní gúúsù London. Àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí.

A mọ̀ pé ibi iṣẹ́ òru ni àwọn kan láàrin yín ti wá síbí tààrà, oorun sì wà lójú wọn. Nítorí náà, ohun tó ṣe pàtàkì nìkan la ó sọ.

Àwa tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe télọ̀. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí a kọ́, àpò ẹgbẹ́ yìí la sì ń bá yín mójú tó. Kí ló wá kan oníṣirò owó nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ? Ó kàn án dáadáa. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìrọ̀lẹ́ aṣọ rírán yìí ni àwọn ènìyàn ti ń mú ìwé wá bá wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó, a fẹ́ ra máṣíìnì." Àwọn kan á sì ti fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó wá. Ìyẹn ló ń dùn wá.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí quilt jẹ́. Aṣọ ìbora onípele mẹ́ta ni. Àjákù aṣọ tí a gé, tí a rán pọ̀, ló wà lókè. Òwú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní wadding ló wà láàrin. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. A ó wá rán ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri ojú aṣọ, kí òwú àárín má baà ṣí kúrò nípò. Òyìnbó ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n kí á rán ègé pọ̀ kó di odidi kò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òkè ń ti ọ̀dọ̀ ahunṣọ wá, tí wọ́n á rán wọn mọ́ra kó tó di ìró? Gbogbo èékù aṣọ ẹbí tó wà nínú àpótí yín nílé, quilt ló wà níbẹ̀ yẹn.

ÀṢÌṢE TÍ ÀWA FÚNRA WA ṢE

Kí a tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ó yẹ kí á jẹ́wọ́ tiwa. Nígbà tí ẹgbẹ́ rí ìwọ̀nba owó gbà láti fi ra ẹ̀rọ kan, àwa oníṣirò owó la jókòó, tí a wo iye owó, tí a wo iye oríṣi ìránṣọ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe. A rí ọ̀kan tó ń ṣe oríṣi tó lé ní 100, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Inú wa dùn. A rà á, a gbé e sínú àpótí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje títí ìrọ̀lẹ́ aṣọ rírán fi bẹ̀rẹ̀. A kò bi aránṣọ kankan léèrè.

Arábìnrin wa kan ló kọ́kọ́ fẹ́ lò ó. Ìyá rẹ̀ ti kú nílé, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sì tíì jáde, nítorí náà kò lè lọ sin ìyá. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìró mẹ́fà ránṣẹ́ sí i: àdìrẹ méjì, ànkárá mẹ́ta àti òfì kan. Ó ní òun kò ní ró wọn, òun á fi wọ́n rán quilt kan tí òun àti àwọn ọmọ òun á máa bò.

Apá òkè lọ dáadáa. Nígbà tí a di ipele mẹ́ta pọ̀, wàhálà dé. Bí a ṣe ń sún mọ́ àárín, aṣọ tí a ká sábẹ́ apá ẹ̀rọ kò gbà mọ́. A ń tì í, a ń fà á. Aṣọ òkè ń sún síwájú, ti ìsàlẹ̀ kò kúrò lójú kan, ó wá ń kákò. Abẹ́rẹ́ tẹ̀, ó ṣẹ́, ó sì ya àdìrẹ náà tó ínǹṣì kan. Arábìnrin wa kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa ibi tó ya náà ni.

A gbé ẹ̀rọ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú wa, kò sí ohun tó ṣe é. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ tó dára ni, aṣọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti kọ́tìnnì ni wọ́n ṣe é fún. A kò sọ fún olùtajà pé quilt la fẹ́ rán, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ti kọjá. Òfin kò lè gbà wá nítorí àwa la ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a wá sọ lónìí: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ni kó yan ẹ̀rọ fún yín, kí àpò yín sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ìpolówó yàn án fún yín.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ WÒ LÁRA Ẹ̀RỌ

Èkínní, àyè abẹ́ apá ẹ̀rọ. Ẹ fi tépù wọn ibi tó wà láàrin abẹ́rẹ́ àti ara ẹ̀rọ lápá ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, kì í ju ínǹṣì 6 sí 7 lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún quilt lè tó 8, 9, títí dé 11. Kí ló fà á tí èyí fi ṣe kókó? Bí quilt yín bá fẹ̀ tó ínǹṣì 80, nígbà tí ẹ bá dé àárín, ínǹṣì 40 rẹ̀ ti ká jọ sábẹ́ apá ẹ̀rọ, pẹ̀lú òwú nínú. Bí àyè kò bá sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí yín. Bó bá jẹ́ pé quilt ọmọ ọwọ́ tàbí ti àga nìkan lẹ fẹ́ rán, ínǹṣì 7 tó yín, ẹ má wulẹ̀ náwó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì, ẹsẹ̀ tó ń rìn, tí wọ́n ń pè ní walking foot. Ẹ̀rọ ní eyín nísàlẹ̀ tó ń fa aṣọ lọ sẹ́yìn. Aṣọ ìsàlẹ̀ nìkan ló ń fà dáadáa. Walking foot ní eyín tirẹ̀ lókè, tó ń gbé aṣọ òkè rìn pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, kí àwọn ipele má baà yẹ̀ lórí ara wọn. Ẹ béèrè bóyá ó wà nínú àpótí tàbí ẹ ó rà á lọ́tọ̀, kí ẹ sì rí i pé ó bá ẹ̀rọ náà mu gan-an. Owó rẹ̀ jẹ́ ara iye tí ẹ̀rọ ń jẹ́ o, ẹ kà á mọ́ ọn.

Ìkẹta, ṣé eyín ìsàlẹ̀ yẹn ṣeé rẹ̀ sílẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ máa fi ọwọ́ yín darí aṣọ láti ya òdòdó tàbí ìlà tó yípo, eyín ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fà á mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan ní bọ́tìnnì fún un, àwọn mìíràn ní ìdérí tí ẹ ó fi bò ó.

Ìkẹrin, ìdá mẹ́rin ínǹṣì. Àwọn tó ń rán quilt máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì sílẹ̀ létí aṣọ, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n yẹn. Ẹ jẹ́ kí oníṣirò owó bá yín ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá rán ègé 16 mọ́ra lórí ìlà kan, ojú ìránpọ̀ 15 ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi ìdá 1 nínú 16 ínǹṣì jẹ ègé méjèèjì tó so pọ̀, gbogbo rẹ̀ á dín ní nǹkan bíi ínǹṣì 2. Ìlà yẹn kò ní bá èkejì mu mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ìkarùn-ún, ara yín. Ẹ̀rọ kan lè wọn kílò 6, òmíràn ju 10 lọ. Èyí tó wúwo máa ń dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí tábìlì ìjẹun sì ni tábìlì iṣẹ́, ẹyin ẹ̀yìn yín ló máa san án. Ẹ wò ó bóyá ojú yín rí ihò abẹ́rẹ́, bóyá iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, bóyá ẹ lè dín eré rẹ̀ kù.

Ní ti oríṣi ìránṣọ tó lé ní 100 tí a fi owó rà yẹn, ìlà tààrà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ quilt, sígísáàgì sì ń ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ní kọ̀ǹpútà nínú. Ó rọrùn fún àwọn kan, nítorí ó lè dá abẹ́rẹ́ dúró sínú aṣọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ lè ga. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe kí ẹ tó rà á.

Ẹ MÚ AṢỌ YÍN LỌ SÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi aṣọ tirẹ̀ dánra wò fún yín. Èyí tó máa ń fi ṣe é, aṣọ líle kan ṣoṣo ni, gbogbo ẹ̀rọ ló ń rán an dáadáa. Ẹ fi ànkárá, wadding àti aṣọ ìsàlẹ̀ ṣe ègé bíi ínǹṣì 12 nílé, kí ojú ìránpọ̀ mẹ́rin pàdé níbì kan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní òfì, ẹ fi díẹ̀ sí i, nítorí ó nípọn. Ẹ rán an fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ẹ gba orí ibi tó nípọn jù kọjá, kí ẹ wá yí i padà wo ẹ̀yìn. Bí òwú bá ta kókó lẹ́yìn, tàbí tí aṣọ kákò, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń tún un tò. Bí kò bá tò, ẹ dìde.

Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀rọ àlòkù. Ilé-iṣẹ́ Singer ní Clydebank, ní Scotland, ti kógbá sílé láti 1980, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ onírin tó ti ibẹ̀ jáde ṣì wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù nílùú yìí. Ìlà tààrà nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń rán, ó sì máa ń dọ́gba. Ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò. Bí ara rẹ̀ bá ti ń bó, ẹ má kì í bọ iná kí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó wò ó.

Ọ̀NÀ TÍ Ẹ FI MÁA SAN OWÓ

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ wà lára ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń ra ọjà ní díẹ̀díẹ̀? Ní 1856 ni Singer bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ fún àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n máa san án lóṣooṣù, nítorí pé ẹ̀rọ wọ́n, owó kò sì sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà báyìí gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tí a bá san án tán, èló ló jẹ́ lápapọ̀?" Ẹ má béèrè èló lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ojú yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ £400 ṣe àpẹẹrẹ. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń gbé ọjà lọ sílé, tí ẹ ó sì máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó di tiyín, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2019 sọ pé èlé kò gbọdọ̀ ju iye ọjà náà lọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó túmọ̀ sí: ẹ̀rọ £400 ṣì lè di £800. Tí ẹ bá yá £400 lọ́wọ́ credit union níhìn-ín ní ilẹ̀ England, èlé tó ga jù lọ tí òfin gbà wọ́n láyè ni 3% lóṣù lórí gbèsè tó kù. Bí ẹ bá san án fún oṣù 12, nǹkan bíi £40 lóṣù ni, èlé gbogbo rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi £82. Bí ẹ bá sì ń fi £8 pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí ẹ dá àjọ pẹ̀lú àwọn tí ẹ mọ̀ dénú, ọ̀sẹ̀ 50 ni, èlé kò sí. Ẹ̀rọ kan náà ni o. £400, £482, £800. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Owó bàtà ọmọ àti owó iná ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń yá ènìyàn lówó láìní ìwé, tó ń gba páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì báńkì lọ́wọ́ yín ṣe ìdúró, ẹ sá fún un. Kódà bó bá ń sọ Yorùbá.

OHUN TÍ ÒFIN FÚN YÍN

Òfin tí wọ́n ń pè ní Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò gbọ́dọ̀ dára tó bó ṣe yẹ, kó sì lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ sọ fún olùtajà pé ẹ fẹ́ fi ṣe. Ibi tí àwa ti ṣìnà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ kedere pé, "Quilt tó tó bẹ́ẹ̀dì ni a fẹ́ máa fi rán," kí ẹ ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Bí ẹ̀rọ bá ní àbùkù, ẹ ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, olùtajà lè kọ́kọ́ tún un ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tún ṣeé lò, ẹ lè gba owó. Láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, olùtajà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tó tà á. Nítorí náà, ẹ má gbé ẹ̀rọ sínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ méje bíi tiwa. Ẹ lò ó lọ́jọ́ tó délé.

Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó dé ọwọ́ yín láti sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́, bí kò tilẹ̀ ní àbùkù. Ẹ dán an wò níwọ̀nba o, nítorí bí ẹ bá lò ó jù, wọ́n lè yọ nínú owó yín. Bí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ, tí ẹ sì fi káàdì gbèsè san án, báńkì tó ni káàdì náà lè bá olùtajà pín ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ rà lọ́wọ́ aládùúgbò, ààbò rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ MÁA TÀ ÁN

Àwọn kan fẹ́ rán quilt tà. Ó dára. Bí gbogbo owó tó wọlé kò bá ju £1,000 lọ lọ́dún owó orí, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀rọ, òwú àti wadding, nítorí bí ọjà bá tà kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn lówó. Ẹni tó ń gba Universal Credit gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń wọlé fún un, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó sì ń lo físà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ṣe òwò ti ara rẹ̀ rárá. Ẹ má jẹ́ kí quilt £60 ba ìwé ìgbélùú jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí físà yín gbà, ẹ kọ́kọ́ wá bi wá.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó. Iná Nàìjíríà àti ti ibí bára mu, fólìtì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, nítorí náà ẹ̀rọ tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti Houston lè jóná bí ẹ bá kì í bọ ògiri níhìn-ín tàbí nílé. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀.

BÍ ỌWỌ́ KÒ BÁ TÍÌ TÓ O

Bóyá ẹ tilẹ̀ lè máà ra ẹ̀rọ rárá. Arábìnrin wa tí àdìrẹ ìyá rẹ̀ ya, ìyá àgbà kan láàrin yín ló kọ́ ọ pé kó tú gbogbo rẹ̀, kó pín in sí ìpín mẹ́sàn-án, kó fi wadding sínú ìpín kọ̀ọ̀kan, kó rán an lọ́tọ̀, kó tó wá so wọ́n pọ̀. Ìpín kékeré gba abẹ́ apá ẹ̀rọ wa yẹn láìsí ìjàkadì. Walking foot nìkan la tún rà. Ó fi ègé òfì lẹ ibi tó ya. Ó gbà á ní oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò jẹ gbèsè kọ́bọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bò ó sùn lónìí.

Ẹ̀rọ tí a rà yẹn ṣì wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún. Ẹ wá dán walking foot wò lára rẹ̀, ẹ wọn àyè abẹ́ apá rẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá kí ẹ tó jáde lọ ná ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i lónìí kí ẹ̀dínwó má baà lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ ó kọ́kọ́ mú un wá fún àwọn ará yín. A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.